Ọ̀dà Dúdú Lára Ògiri Wagino

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wọ́n ti kírun àárọ̀ tán, ó yẹ kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Pak Marsudi, baálẹ̀ wa, gbà á lọ́wọ́ ìmáàmù, ó húkọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí gbogbo ilé tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìrànwọ́ ìjọba kó igi ìdáná àti àgò adìyẹ wọn kúrò níwájú ògiri, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ lọ́sàn-án láti fi ọ̀dà kọ ọ́ síbẹ̀ pé tálákà ni wọ́n. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó fi kún un pé kí gbogbo abúlé, ẹni tó wà nínú ìwé àti ẹni tí kò sí níbẹ̀, gbé abọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun láago mẹ́wàá, nítorí ìrẹsì ìjọba ti dé. Lẹ́yìn náà ló wá rántí kí wa pé ẹ kú àárọ̀.

Lasmi wà nídìí ààrò nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ń wọ́n omi sórí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi se tiwul, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò ṣe, nítorí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ni Wagino ti gbọ́ tí kò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ Wagino mọ̀ pé ó sàn kó máa pariwo.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ti wọ ṣòkòtò tó fi ń lọ fọ́ òkúta ẹfun lórí òkè, ó sì jókòó sórí àpótí.

"Èmi máa buwọ́ lu ìwé," ó ní.

"Ìwé wo?"

"Ìwé wo lo tún ń bi mí, Ìyá Retno? Ìwé tí wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀dà lára ògiri ẹ̀ kó buwọ́ lù. Pé a ti kúrò lára àwọn tálákà. Pé kí wọ́n yọ orúkọ wa."

"A ti kúrò lára àwọn tálákà." Lasmi tún un sọ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ṣí ìkòkò tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú ọkọ rẹ̀ kó lè rí ìdí rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ọrọ̀ náà síbí kí n sè é."

Wagino kò wo ìkòkò. Ó ní òun kò bá a ṣàwàdà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju báyìí lọ. Retno, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn nílùú. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún Lasmi lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbé ọmọ náà lọ tó ń gbé e bọ̀, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi san owó ìdánwò. Oṣù márùn-ún péré ló kù. Bí wọ́n bá buwọ́ lu ìwé lónìí, owó náà parí lónìí, ìrẹsì náà sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ògiri náà ńkọ́? Ọwọ́ Wagino ló fọ́ gbogbo òkúta tó wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, lẹ́yọ lẹ́yọ, lẹ́yìn tó bá ti fọ́ ti olówó tán. Ẹ̀gbẹ́ ilé àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì jẹ́ ọparun tí wọ́n hun. Iwájú nìkan ló jẹ́ òkúta, ó sì rẹ́ ẹ, ó kùn ún ní funfun ṣáájú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe lábúlé yìí. Iwájú là ń kọ́kọ́ kọ́, ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́run.

"Àwọn tí a jọ ń fọ́ òkúta, ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà," Wagino ní. "Ṣé kí wọ́n máa kà mí láràárọ̀ bí ẹni ń ka ìwé ni? Ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ikú ta ni? Tiyín ni àbí ti Retno?"

"Má fi ọmọ bò mí lẹ́nu."

"Ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, Bàbá Retno. Kò sí òmíràn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ̀yin sì ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ ògiri."

Láti ẹ̀yìn ọparun tó pín yàrá, ohùn Mbah Karso jáde. Ìyá Wagino ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú ju ti ológbò lọ. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun," ó ní, "kí ẹ tó pa ara yín."

Retno ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó di ìbòrí rẹ̀ tán, báàgì sì wà léjìká rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ wọn.

"Bàbá, mo lè dá ilé ìwé dúró ná," ó ní. "Wọ́n ń gba èèyàn nílé iṣẹ́ aṣọ nílùú Solo. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Tí mo bá ṣiṣẹ́ ọdún méjì, mo lè padà wá parí ẹ̀."

"Wọ bàtà ẹ," ni Lasmi sọ.

"Ìyá, mo ní—"

"Mo gbọ́ ohun tó o ní. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè ọ́. Wọ bàtà ẹ."

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Wagino ń wo ilẹ̀. Ó wọ bàtà, ó kí ìyá àgbà rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọparun, ó sì lọ. Wagino náà dìde láìfọwọ́ kan tiwul rẹ̀, ó ní òun ń lọ sórí òkè, pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun bí àwọn ará ọ̀dà bá dé, òun ni baálé ilé, òun ni yóò buwọ́ lu ìwé. Oúnjẹ náà tutù síbẹ̀. Lasmi bò ó, nítorí a kì í da oúnjẹ nù nílé yẹn.

Kò pẹ́ tí Bu Harti dé, Bu là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, bí a ti ń pe bàbá ní Pak, àgbàlagbà ní Mbah, obìnrin tó ṣì kéré ní Mbak. Ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta tí Wagino àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ́. Mọ́tò kékeré kan tún wà lábẹ́ òrùlé wọn, táìlì aláwọ̀ ewé ló sì wà ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn débi pé ojú ń ta èèyàn bí oòrùn bá mú. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín sínú àwo wá. Ìgbàkígbà tí Bu Harti bá ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá báyìí, ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Retno, mo gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín," ó ní, ó fọwọ́ lé àyà. "Ó dùn mí wọra. Mo ní fún bàbá ọmọ mi pé, tó bá jẹ́ èmi ni, màá kàn buwọ́ lu ìwé yẹn ni jàre. Kí lowó ọ̀hún tó?"

"Ẹ̀yin ò nílò kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú, Bu. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò kúkú sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é, ìka ò dọ́gba. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, kí kálukú gba tiẹ̀." Ó wo ojú ọ̀nà. "Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá o. Ṣé ẹ ò níí jẹ́ ká jọ lọ gba ìrẹsì?"

Lasmi mú báàfù rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ. Báàfù Bu Harti tóbi ju tirẹ̀ lọ. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé wọn kì í jẹ ìrẹsì ìjọba nílé Bu Harti, wọ́n ní ó ń rùn. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń fún. Lasmi pàápàá ti rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ara wọn ń dán, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń pín ìrẹsì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi láti sọ ọ́. Ilé méjìdínlógún ni orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ìjọba ń gbé àpò méjìdínlógún wá, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá, àpò kan fún ilé kan. Ilé mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà lábúlé. Nítorí náà wọ́n á tẹ́ tapólì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, wọ́n á tú gbogbo àpò náà lé e lórí, ìyàwó baálẹ̀ á sì fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, agolo méjìlá fún olúkúlùkù ilé, ti baálẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbọọgba. Wọ́n ní kí ìkùnsínú má baà wà ni. Wọ́n ní a jọ ń tún ọ̀nà ṣe, a jọ ń gbé òrùlé ara wa sókè, bí wọ́n bá yọ ẹnì kan sílẹ̀ lọ́jọ́ ìrẹsì, yóò jókòó sílé rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi àwọn méjìdínlógún náà léèrè bóyá wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kò sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì náà, ìwé àti bírò wà lórí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ buwọ́ lù ú má wulẹ̀ dúró de ọ̀sán. Àbúrò baálẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Màlúù méjì ló so sẹ́yìnkùlé, ó sì ti ń jẹ owó tálákà láti ọdún mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín bó ti ń kọ ọ́, àwọn èèyàn náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìjọba ń wá gan-an nìyẹn: wọ́n ní àwọn tí kò tọ́ sí ló pọ̀ jù nínú ìwé, wọ́n ní bí a bá kọ ọ́ sára ògiri, ìtìjú yóò lé wọn. Ẹni tó ro èrò yẹn nínú ọ́fíìsì rẹ̀ kò mọ̀ pé ìtìjú kì í yẹ àpò èèyàn wò kó tó mú un.

Lẹ́yìn àbúrò baálẹ̀, Pak Sakiman ló tẹ̀lé e. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé ìyàwó baálẹ̀ bá a di ìwé náà mú.

"Ẹ káre, Pak Sakiman," ni Mbak Parti sọ, obìnrin kan tí orúkọ tirẹ̀ náà wà nínú ìwé. "Ọkùnrin nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa wá yáwó lọ́wọ́ yín tó bá dọ̀la."

"Ojú ló ń tì mí," ni bàbá náà sọ. Ó gbé agolo méjìlá tirẹ̀, ó sì ń lọ.

"Ìwọ ńkọ́, Parti?" ni ẹnì kan bi í.

"Kí wọ́n kùn mí o. Kí wọ́n kùn mí débi imú. Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lọ́wọ́ mi, ọ̀dà ò ní pa wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jìnnà. Àwọn obìnrin ń kánjú, nítorí ilé Pak Tarno fẹ́ ṣe sàráà ọgọ́rùn-ún ọjọ́ bàbá wọn tó kú lálẹ́, wọ́n sì fẹ́ lọ bá wọn dáná. Lasmi gba agolo méjìlá rẹ̀. Ó ṣe é bí i pé kó dá Pak Sakiman dúró lójú ọ̀nà, kó ní kó padà lọ fa ìwé náà ya. Kò ṣe é. Kílò mẹ́ta àti díẹ̀ kò wúwo, ṣùgbọ́n ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó délé.

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ ló ṣáájú, Mbak Yekti ni wọ́n ń pè é, eruku alùpùpù ti bo ojú rẹ̀, ó sì hàn pé kò tíì jẹun. Ọkùnrin kan gbé garawa ọ̀dà dúdú tẹ̀lé e, pẹ̀lú páànù kan tí wọ́n ti gé lẹ́tà sí. Bí wọ́n bá ti gbé páànù náà lé ògiri, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, wọ́n á gbé e kúrò, ọ̀rọ̀ náà á sì wà níbẹ̀: ÌDÍLÉ TÁLÁKÀ, Ó Ń GBA ÌRÀNWỌ́ ÌJỌBA. Baálẹ̀ tẹ̀lé wọn, àwọn èèyàn tẹ̀lé baálẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ. Mbak Yekti ka ìwé tí wọ́n buwọ́ lù, ó sì sọ fún baálẹ̀ pé ìdílé mọ́kànlá ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ lábúlé wa. Láti ìgbà tí a ti ń gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gbógun ti ìṣẹ́, a ò tíì rí i kó yá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n kun ti Parti, wọ́n kun ti àwọn márùn-ún mìíràn. Ilé Wagino ló kẹ́yìn.

Wagino ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀. Lasmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ mú ìwé yẹn wá," Wagino ní. "Màá buwọ́ lù ú."

Mbak Yekti yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó tún un wò. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Orúkọ Ìyá ló wà níbí. Nílé tí ìyá bá wà, ìyá ni ìjọba ń fún lówó náà, torí òun ló ń bọ́ ọmọ. Ìyá nìkan ló lè buwọ́ lù ú."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wagino dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó ti nà síwájú fún bírò. Ó pẹ́ kó tó fà á padà. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

"Buwọ́ lù ú, Ìyá Retno."

Lasmi nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gba ìwé náà. Ó mọ̀wé kà díẹ̀díẹ̀. Ó kà á sókè, ó ń fi ìka tẹ̀lé e: pé òun, Lasmi, jẹ́rìí láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú òun, pé oúnjẹ ti tó ní ilé òun, pé agbára òun ti ká ẹ̀kọ́ ọmọ òun. Ó dúró níbẹ̀.

"Mbak, tí mo bá buwọ́ lù ú, kí ni wọ́n á fi rọ́pò owó ilé ìwé?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Ó parí nìyẹn."

"Oṣù márùn-ún ló kù fún un."

"Mo mọ̀, Ìyá. Mo rí i nínú ìwé." Ó dà bí ẹni pé ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n baálẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lasmi dá ìwé náà padà fún un. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ rẹ̀.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá Retno," ó ní. "Ẹ forí jì mí." Ó wá sọ fún ọlọ́dà pé, "Ẹ kùn ún."

Wagino kò kúrò lára ògiri. Ọlọ́dà náà dúró pẹ̀lú páànù rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìtìjú bo Wagino lójú gbogbo wa, àwa náà sì dúró ń wò ó, kò sí ẹni tó ní kí a máa lọ sílé. Nígbà náà ni Bu Harti mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí a ti ń sọ jẹ́jẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́:

"Àwọn kan ò kúkú lójútì. Nítorí ìrẹsì lásán."

Lasmi yíjú. "Bu Harti, agolo mélòó ni wọ́n wọ̀n fún yín láàárọ̀ yìí?"

"Kí ni?"

"Ìrẹsì lásán ọ̀hún. Agolo mélòó?"

Adìyẹ kan ń tú ilẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa ń wò ó bí ẹni pé a kò rí adìyẹ rí.

"Méjìlá ni," Lasmi ní. "Méjìlá ni wọ́n wọ̀n fún èmi náà. Mbak Yekti, kí ló wà lórúkọ mi nínú ìwé yín?"

"Àpò kan, Ìyá. Kílò mẹ́wàá."

"Kílò mẹ́ta àti díẹ̀ ni mo gbé délé. Ó wà nínú ilé, ẹ lè wọlé wò ó."

Ọmọbìnrin náà wo baálẹ̀. Pak Marsudi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín nínú ìpàdé. "Àdéhùn abúlé ni, Mbak," ó ní. "Ọgbọọgba ni a ń pín in, kí ìrẹ́pọ̀ lè wà láàárín wa. Ẹnikẹ́ni ò tíì ráhùn rí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Lasmi wí. "Bí a bá jọ jẹ ẹ́, ká jọ kùn ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ẹ bọ́ sí ilé Bu Harti, ẹ máa kùn ún lọ títí dé ilé Pak Marsudi. Ògiri mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìka ò dọ́gba lọ́jọ́ tí ẹ ra mọ́tò, Bu. Ó dọ́gba lọ́jọ́ ìrẹsì. Báwo ló ṣe tún di èyí tí kò dọ́gba lọ́jọ́ ọ̀dà?"

"Háà, ẹ ò rí i bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀," ni Bu Harti wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbè é. Mbak Parti ń wo ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tó ń mú ẹ̀rín mọ́ra.

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn.

"Ìyá Retno, ẹ rọra. Abúlé kan náà ni wá. Àgbàlagbà wà nílé yín, kí Ọlọ́run túbọ̀ lọ́ra ẹ̀mí wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀ẹ́ wá èèyàn mẹ́rin tó máa gbé Mbah Karso dé ibojì. Èèyàn mẹ́rin yẹn ò ní ti ọ̀run wá. Inú àwa tẹ́ ẹ fẹ́ kùn lọ́dà yìí náà ni wọ́n wà."

Ọparun lásán ló wà láàárín baálẹ̀ àti ibùsùn ìyá àgbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Láti òwúrọ̀ ni Wagino ti ń bínú sí ìyàwó rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo sì rí ojú rẹ̀ bó ti ń kúrò lára Lasmi tó ń lọ sára baálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó kúrò níwájú ògiri. Ó gba páànù lọ́wọ́ ọlọ́dà, ó gba búrọ́ọ̀ṣì.

"Èmi ni mo mọ ògiri yìí," ó ní. "Ẹlòmíràn ò ní bà á jẹ́ fún mi."

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti páànù náà kó má baà yẹ̀, ó rẹ búrọ́ọ̀ṣì, ó fún un gbẹ, ó sì kùn ún lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn bí ẹni ń rẹ́ ilé fún ọba. Kò sí èyí tó ṣàn sílẹ̀. Ọ̀dà dúdú náà tàn lórí ẹfun funfun. Nígbà tó gbé páànù kúrò, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó wá na búrọ́ọ̀ṣì sí baálẹ̀.

"Ọ̀dà kù, Pak."

Pak Marsudi kò gbà á. Wagino na ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dá búrọ́ọ̀ṣì padà fún ẹni tó ni í, ó sì wọlé. Mbak Yekti sún mọ́ Lasmi, ó bi í pé kílò mẹ́ta àti mélòó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. A kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. A mọ ìwé ìjọba, wọ́n pọ̀. Baálẹ̀ wò ó bó ti ń kọ ọ́, ó sì dárí sọ́nà ilé rẹ̀, àwọn èèyàn sì tú ká, kò sí ẹni tó kí Lasmi pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí Retno dé láti ilé ìwé, oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ọmọ náà dúró lójú ọ̀nà, ó ka ògiri náà lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, ó bu omi mu.

"Bàbá ló kùn ún," ó ní.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Tiwa ló gún jù."

Wagino wà ní kọ̀rọ̀ níbi tó ti ń pọ́n irin tó fi ń fọ́ òkúta. Kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin ilé Pak Tarno bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ sàráà kiri. Ìrẹsì tí wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa sè, ẹyin, ìṣù ẹran kékeré kan, gbogbo rẹ̀ nínú páálí. Ojúlé ni wọ́n ń tẹ̀lé, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, wọn kì í fo ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Lasmi ti gbá orí ẹní, ó ti gbé àwo mẹ́rin kalẹ̀. Àwọn tó wà nínú ilé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà bó ti dé ọ̀dọ̀ Bu Harti. Ó dúró. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ní "ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á gbà á." Ẹsẹ̀ náà tún gbéra, ó dé iwájú ògiri wọn, ó yá díẹ̀ sí i, ó kọjá. Wọ́n gbọ́ bó ti dúró ní ilé kejì.

Wagino kó àwo mẹ́rin náà jọ, ó tò wọ́n lé ara wọn, bí ẹni pé kò sí ohun tí a gbé wọn kalẹ̀ fún.

"Ṣé sàráà ti dé?" ni Mbah Karso bi wọ́n láti ẹ̀yìn ọparun.

"Wọ́n ti kọjá, Mbah," ni Lasmi dáhùn.

Retno dìde láti lọ bá a, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tí ibùsùn náà ń dún, wọ́n sì rí i tó di ọparun mú, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn títí ó fi yọ síta, tó sì jókòó sórí ẹní láàárín wọn.

"Àwọn tí ò gbé oúnjẹ wá fún mi," ó ní, "wọn ò ní gbé mi náà nìyẹn."

"Ìyá, ẹ dákun," ni Wagino wí. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lò ń bẹ̀ mí fún? Lasmi, se ìrẹsì yẹn. Gbogbo ẹ̀. Má da ẹ̀gẹ́ kankan pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa fi rìn dé ibojì, ó yẹ kí n yó."